Kí ló dé tí ẹja ńlá ò fi pọ̀ lódò bíi ti kékeré? Ọ̀nà tí agbára oúnjẹ ń gbà kọjá

Iṣẹ́ àmúrelé ọmọ kan ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ìyá ọmọ náà ya fọ́tò ìwé ẹ̀ sórí WhatsApp àwa òbí, ó ní kí ẹni tó bá mọ sáyẹ́ǹsì jọ̀ọ́ gba òun. Ọmọ yìí ya koríko, ó ya tata, ó ya ọ̀pọ̀lọ́, ó ya ejò, ó wá ya àṣá sókè pátápátá, àwòrán náà dáa gan-an, àmọ́ ó fa ọfà láti ọ̀dọ̀ àṣá lọ sọ́dọ̀ ejò, láti ọ̀dọ̀ ejò lọ sọ́dọ̀ ọ̀pọ̀lọ́, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀, tíṣà wá fi bírò pupa fagi lé gbogbo ẹ̀. Ìyá ọmọ ní ṣebí àṣá ló ń fò wá gbé ejò, kí ló wá burú ńbẹ̀?

Bàbá kan tó ń sin ẹja dá sí i, ó ní ohun tó ń bí òun nínú ni ìbéèrè kejì, èyí tó ní ìdá mẹ́wàá péré nínú ọgọ́rùn-ún ló ń kọjá láti ara ẹni tí wọ́n jẹ sí ara ẹni tó jẹ ẹ́, ó ní irọ́ ni, òun mọ iye oúnjẹ tóun ń dà sódò fún ẹja òun àti iye ẹja tóun ń kó jáde. Ẹlòmíì tún ní ohun gbogbo ló ń padà sílẹ̀, kí ló wá sọnù? A fà á títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Mo ṣèlérí fún wọn pé màá jókòó kọ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, torí ọ̀rọ̀ tó yẹ kó yé wa ni, ó kan ọbẹ̀ tí à ń jẹ lójoojúmọ́.

Agbára wo là ń sọ gan-an?

Àwọn àgbà ní okun inú la fi ń gbé tìta. Okun inú yẹn náà ni. Ohun tó ń jẹ́ kí ọkàn máa lù, kí ẹsẹ̀ gbé, kí ara lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ọmọ dàgbà. Bí a ṣe ń fi líta wọn bẹntiróòlù, kálórì la fi ń wọn agbára inú oúnjẹ. Kálórì oúnjẹ kan ló lè mú omi líta kan fi ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì kan gbóná sí i. Àgbàlagbà kan nílò bíi 2,000 lóòjọ́, kúùbù ṣúgà kan sì jẹ́ bíi 20. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi kúùbù ṣúgà yẹn sọ́kàn, a ṣì máa padà dé ibẹ̀.

Ohun tí tíṣà ń pè ní food chain, ẹ̀wọ̀n oúnjẹ ni màá máa pè é, ẹ̀wọ̀n bí irú èyí tí wọ́n fi ń so ajá, tí irin kan kọ́ ìkejì. Koríko kọ́ tata, tata kọ́ ọ̀pọ̀lọ́. Ibi tí ẹ̀wọ̀n yìí sì ti ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń pè ní ecosystem, ìyẹn ibì kan pẹ̀lú gbogbo ohun ẹlẹ́mìí tó ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú omi, ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ẹ̀. Ọ̀sà Èkó jẹ́ ọ̀kan, igbó jẹ́ ọ̀kan, àkìtàn ẹ̀yìnkùlé yín gan-an jẹ́ ọ̀kan.

Apá ibo ló yẹ kí ọfà kọjú sí?

Mo ra òbòkún kan ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kan, ó ṣì ń mí nínú abọ́ nígbà tí mo gbé e délé. Nígbà tí mo la inú ẹ̀, àpò oúnjẹ ẹ̀ le kọ́kọ́ lọ́wọ́ mi, mo bá fi ọ̀bẹ sí i. Edé kéékèèké mẹ́fà ló wà ńbẹ̀, ojú wọn ṣì dúdú bí orí abẹ́rẹ́, èèpo wọn ti ń rọ̀, àti ìdajì ẹja kan tí ò tó ìka ọwọ́ mi. Mo dúró wò ó fúngbà díẹ̀. Edé yẹn náà ti jẹun kó tó kó sẹ́nu òbòkún, ó ti ha ewéko tíntìntín jẹ, ó ti jẹ ewé jíjẹrà nísàlẹ̀ ọ̀sà, ewéko yẹn ò sì jẹ ẹnì kankan, oòrùn ló ń yá. Oúnjẹ ti gbọwọ́ mẹ́ta mẹ́rin kó tó dé orí pákó ìgéran mi.

Ìdáhùn ọfà nìyẹn. Ọfà ò sọ ẹni tó ń lé ẹnì kan kiri, ibi tí oúnjẹ ń lọ ló ń fi hàn. Bí ẹnì kan bá wá bá mi nílé pé kí n fún òun lówó, òun ló rìn wá, àmọ́ owó kúrò lápò mi ó bọ́ sí tiẹ̀, ọfà á kọjú sọ́dọ̀ ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti koríko sí tata, tata sí ọ̀pọ̀lọ́, ọ̀pọ̀lọ́ sí ejò, ejò sí àṣá. Ká sì má gbàgbé oòrùn, ọfà àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ oòrùn wá sórí koríko, ọ̀pọ̀ ìwé ọmọdé ló ń fo ibẹ̀.

Torí ewé nìkan ló ń dáná nínú gbogbo ìtàn yìí. Oòrùn ni iná, omi àti afẹ́fẹ́ ni èlò ọbẹ̀, ewé á sè é, á di ṣúgà, di ìgbá, di iṣu, di hóró àgbàdo. Àwa yòókù, ewúrẹ́ ni o, ẹkùn ni o, èèyàn ni o, oníbàárà ni wá ní búkà ewé. (Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ yìí ò kàn: nísàlẹ̀ òkun jíjìn, níbi tí omi gbígbóná ń tú jáde látinú ilẹ̀, bakitéríà ń fi kẹ́míkà inú omi náà dáná níbi tí oòrùn ò dé rárá. Ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ rí irú ẹ̀, nítòsí erékùṣù Galápagos.)

Mẹ́wàá kọjá, àádọ́rùn-ún ńkọ́?

Ẹ ronú jẹnẹrétọ̀ kékeré tó wà lójúlé. Ẹ rọ bẹntiróòlù sí i, ẹ tan bọ́ọ̀bù mẹ́ta. Ṣé gbogbo bẹntiróòlù yẹn ló di iná? Rárá. Ẹ fọwọ́ kan sàléńsà ẹ̀ ẹ máa gbọ́ ìròyìn, ẹ gbọ́ ariwo ẹ̀, ẹ wo bó ṣe ń gbọ̀n. Èyí tó pọ̀ jù nínú epo náà ti di ooru, díẹ̀ ló wọ bọ́ọ̀bù.

Ewúrẹ́ náà, jẹnẹrétọ̀ ni. Nínú gbogbo ewé tó wà lóko, ó jẹ díẹ̀, gbòǹgbò àti igi wà níbẹ̀. Nínú èyí tó jẹ, apá kan jáde ní kóró kóró bí ìgbẹ́ ewúrẹ́ ṣe máa ń rí. Èyí tó wọ ara ẹ̀ gan-an, ó fi ń mí, ó fi ń jẹ àpọ̀jẹ, ó fi ń ké mẹ̀ẹ́ẹ̀, ó fi ń sá fún ọmọ tó ń lé e, ó sì fi ń mú ara ẹ̀ móoru. Ẹ gbọ́wọ́ lé ẹ̀gbẹ́ ewúrẹ́ láàárọ̀ kùtùkùtù, ohun tó ń móoru lábẹ́ ọwọ́ yín, ewé àná ló ń jó. Lẹ́yìn gbogbo ìnáwó yìí ni díẹ̀ tó ṣẹ́kù fi di ẹran àti ọ̀rá, ohun tó sì di ẹran àti ọ̀rá nìkan ni ẹni tó bá pa á lè jẹ. Ẹkùn ò lè jẹ ìrìn tí ewúrẹ́ ti rìn lánàá.

Nítorí náà 10 nínú 100 yẹn kì í ṣe òfin tí ẹnì kan ṣe, ìṣirò ojú ni, ohun tí wọ́n ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi. Ibòmíì ó lè jẹ́ 5, ibòmíì á tó 20. Tíṣà tó bá ń sọ fọ́mọ pé 10 géérégé ni níbi gbogbo ń ṣe àṣìṣe díẹ̀, àmọ́ kò jìnnà sóòótọ́.

Ta ló lọ wọ̀n ọ́n?

Èyí ni ibi tí mo fẹ́ràn jù. Ọ̀dọ́kùnrin kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Raymond Lindeman, adágún kékeré kan ní Minnesota tí wọ́n ń pè ní Cedar Bog Lake ló máa ń lọ, òun àti ìyàwó ẹ̀, Eleanor, wọ́n ń kó omi, wọ́n ń ka kòkòrò, wọ́n ń wọn ewéko fún ọdún bíi márùn-ún. Òun ló gbé e kalẹ̀ pé ká yé ka orí ẹran nìkan, ká máa bi ara wa pé agbára mélòó ló wọlé sí ìpele kọ̀ọ̀kan, mélòó ló jáde. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ẹ̀ fún láti yẹ̀ wò ní kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n padà tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1942, àmọ́ àìsàn ti pa á ní oṣù díẹ̀ ṣáájú, ọmọ ọdún 26 péré. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé kò fojú ara ẹ̀ rí i.

Ẹni tó wá fún wa ní iye tó ṣe kedere ni Howard T. Odum, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan ní Amẹ́ríkà níbẹ̀ náà. Ìsun omi kan wà ní Florida, Silver Springs lorúkọ ẹ̀, omi ibẹ̀ mọ́ gaara débi pé ọkọ̀ tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ìdí ẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé èèyàn kiri láti wo ìsàlẹ̀. Odum wọn ọ́síjìn inú omi yẹn tọ̀sán tòru, torí ewéko ń tú u jáde lójú oòrùn, gbogbo ohun tó ń mí sì ń lò ó tó bá dalẹ́, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló fi ń mọ iye tí ewéko sè. Ọdún 1957 ló gbé iṣẹ́ náà jáde. Ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé agbára náà, lórí mítà kan níbùú lóròó, fún odidi ọdún kan:

Oòrùn tó bọ́ síbẹ̀ jẹ́ kálórì 1,700,000. Ewéko gba 410,000 mọ́ra, àmọ́ 20,810 péré ni wọ́n rí fi se oúnjẹ. Ewéko náà ń mí o, àwọn fúnra wọn ná ju ìdajì lọ, ó ku 8,833. Ìgbín omi, ìjàpá omi, kòkòrò àti àwọn tó ń jẹ ewé, 3,368 ló wọ ara wọn. Àwọn ẹja tó ń jẹ àwọn yẹn rí 383. Àwọn ẹja ńlá tó wà lókè pátápátá, àwọn tí ẹnikẹ́ni ò lè yájú sí nínú omi yẹn, kálórì 21.

Kúùbù ṣúgà tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Oòrùn ràn sórí ibi tí ò fẹ̀ ju ẹní kékeré lọ fún ọjọ́ 365, kúùbù ṣúgà kan ló dé ẹnu ẹja ńlá. Nínú bíi ọ̀kẹ́ mẹ́rin, ìyẹn 80,000, ẹyọ kan ló dé òkè.

Tẹ́ ẹ bá ti rí èyí, gbogbo ohun tó ń rú wa lójú ló tú. Ìdí nìyí tí igbó tó lè bọ́ ẹgbẹẹgbẹ̀rún eku ò fi lè bọ́ ju ẹkùn kan méjì lọ, tí ẹ̀wọ̀n oúnjẹ kì í sábà ju irin mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, torí tó bá dé ìkẹfà kò sí nǹkan kan nínú ìkòkò mọ́. Ìdí nìyí náà tí ṣáwá fi ń rọ́ wọ àwọ̀n bí ẹni pé wọn ò lè tán láé nígbà tí ekurá ò tó nǹkan. Ohun tíntìntín tó ń léfòó lójú omi ni ṣáwá ń jẹ, ẹ̀gbẹ́ iná ìdáná gan-an ló jókòó sí. Létíkun Ghana àti Côte d'Ivoire, láàárín oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù máa ń ti ìsàlẹ̀ òkun ru wá sókè, ó ń gbé ajílẹ̀ abẹ́ omi dání, ewéko tíntìntín á bẹ̀rẹ̀ sí í bí sí i, ṣáwá á sì dé lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn apẹja mọ oṣù yẹn dáadáa, wọn ò nílò ìwé Odum.

Ṣé irọ́ wá ni bàbá ẹlẹ́ja ń pa?

Rárá o. Ó ní òun ń da àpò oúnjẹ kìlò 15 sódò, òun sì ń rí ẹja àrọ̀ tó ń lọ sí kìlò 12, nígbà míì kó tó 15 gan-an. Òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kìlò kọ́ là ń kà, kálórì ni. Oúnjẹ ẹja gbẹ fùkẹ̀fùkẹ̀, ẹja tútù sì rèé, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ara ẹ̀ ló jẹ́ omi, omi ò sì ní kálórì kankan. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja mọ ohun tí mò ń wí, agbọ̀n ńlá méjì á wọ inú àrò, agbọ̀n kan tí ò kún ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá ka kálórì inú àpò, tẹ́ ẹ ka ti ara ẹja, ohun tó kọjá ò tó ìdajì.

Síbẹ̀ ó ju 10 lọ, ìdí sì wà ńbẹ̀. Ẹja kì í dáná ya ara ẹ̀, bí omi bá ṣe rí lára ẹ̀ ṣe ń rí, kò dà bí ewúrẹ́ tàbí adìyẹ tó ń fi oúnjẹ mú ara gbóná tọ̀sán tòru. Wọ́n tún ń gbé oúnjẹ wá bá a lẹ́nu, kò lé ẹnì kankan kiri, kò sá fún ẹnì kankan. Ohun kan tó tún yẹ kí bàbá mọ̀, àpò oúnjẹ yẹn fúnra ẹ̀ ti ní ìtàn: ẹja kéékèèké tí wọ́n lọ̀ kúnná sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ẹja yẹn sì ti jẹ oúnjẹ tiẹ̀ nínú òkun, ó ti ná tiẹ̀ tán kó tó dé inú àpò. Àdánù ti ṣẹlẹ̀ kí bàbá tó sanwó.

Bí ohun gbogbo bá ń padà sílẹ̀, kí ló sọnù?

Ohun méjì là ń dà pọ̀ níbí. Ẹ wo dánfó tó ń ná Ọ̀yìngbò sí Ìkejà. Bọ́ọ̀sì á lọ, bọ́ọ̀sì á bọ̀, bọ́ọ̀sì kan náà ni láti àárọ̀ dalẹ́. Àmọ́ epo tó fi lọ ò lè fi bọ̀, ó ti jó. Ajílẹ̀ ni bọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn èròjà tó wà nínú ilẹ̀, nínú ewé, nínú egungun. Ewúrẹ́ jẹ ewé, ewúrẹ́ kú, ikán, ìdin, ekòlò, olú àti bakitéríà dé, wọ́n tú u palẹ̀, ewé tún gbé e mu. Ìyẹn ń yí po lóòótọ́, èròjà tó wà lára yín yìí ti wà lára ohun púpọ̀ rí.

Agbára ni epo. Ikán ń jẹ òkú igi, ikán náà ń mí, òkìtì ikán sì ń móoru nínú. Bẹ́ẹ̀ ni olú, bẹ́ẹ̀ ni bakitéríà, ẹ ki ọwọ́ bọ àárín òkìtì ìgbẹ́ adìyẹ tó ti ṣe ọjọ́ bíi mẹ́wàá, ó lè jó yín. Ooru yẹn ni ìyókù agbára, ó ń lọ sínú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ ń dà á sójú ọ̀run, kò sí ewé kankan tó lè mú un padà. Ní Silver Springs, kálórì 5,060 ló bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó ń jẹ òkú ewé àti ìgbẹ́, ó ju ti àwọn tó ń jẹ ewé tútù lọ, a kì í sì í yà wọ́n sínú àwòrán. Oòrùn gbọ́dọ̀ tún là lọ́la ni.

Agbára ń dín kù, kí ló dé tí májèlé ń pọ̀ sí i?

Ibí yìí gan-an ni ẹ jọ̀ọ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbé ọbẹ̀ kaná pẹ́ jù, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù, ọbẹ̀ á sì níyọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe sè é lọ. Agbára ni omi ọbẹ̀ yẹn, ara ń jó o dànù. Àwọn májèlé kan wà tó dà bí iyọ̀, ara ò lè jó wọn, kì í sì í tètè tọ̀ wọ́n jáde. Edé kan gba díẹ̀, ẹja kékeré jẹ ẹgbẹ̀rún edé, ó kó gbogbo díẹ̀díẹ̀ yẹn jọ sára, ẹja ńlá jẹ ọgọ́rùn-ún ẹja kékeré.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní Japan nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ kan ń da omi tó ní mẹ́kúrì, ọ̀kan nínú irú májèlé bẹ́ẹ̀, sínú òkun tó wà létí ìlú náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ta gìrì, àwọn kan já sómi. Nígbà tó di 1956, wọ́n kéde àìsàn náà lára èèyàn, ọwọ́ ń gbọ̀n, ojú ń ṣú, ọ̀rọ̀ ò já gaara mọ́ lẹ́nu, àwọn ọmọ kan sì bá a wáyé látinú ìyá tára ẹ̀ dà bíi pé ó le. Ẹnì kankan nínú wọn ò mu mẹ́kúrì. Ẹja ni wọ́n jẹ.

Ìdí nìyẹn táwọn dókítà fi ń sọ fún aláboyún pé kó yàgò fún ẹja ńlá bí ekurá, pé ṣáwá àti àwọn kéékèèké dáa fún un jù. Ìdí nìyẹn náà tí inú mi kì í dùn tí mo bá gbọ́ pé àwọn kan ń da oògùn apakòkòrò sódò láti fi pẹja. Ẹja tó bá léfòó á dé ọjà lọ́jọ́ yẹn, àmọ́ èyí tó rì, èyí tí òbòkún gbé mì, ẹ ò mọ ọbẹ̀ tó máa bọ́ sí.

Ṣé ká má jẹ ẹran mọ́ ni?

Ẹnì kan bi mí bẹ́ẹ̀, torí tí èèyàn bá jẹ àgbàdo fúnra ẹ̀, kálórì tó máa rí ju kó fi bọ́ adìyẹ kó wá jẹ adìyẹ lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹran ò rí bákan náà. Màlúù àti ewúrẹ́ tó ń jẹ koríko, ohun tí inú àwa èèyàn ò lè dà ni wọ́n ń jẹ, bakitéríà tó wà nínú ikùn wọn ló ń bá wọn tú u, wọ́n ń sọ pápá tí a ò lè jẹ di wàrà àti ẹran tí a lè jẹ. Adìyẹ òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, àgbàdo àti sóyà tó yẹ kó wà nínú ẹ̀kọ àti wàrà sóyà tiwa ló ń jẹ, à ń pín in pẹ̀lú ẹ̀ lójú ọjà kan náà, èyí tó sì pọ̀ jù nínú ẹ̀ ló ń di ooru àti ariwo nínú ilé adìyẹ. Ẹ wò ó, nígbà tí àgbàdo bá wọ́n, kì í pẹ́ kí kéréètì ẹyin tó tẹ̀lé e.